Àwòrán Ìyá Mi Nínú Yàrá Obì

Òjò ń ṣú lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkàn mi kò sì lélẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ agbo ilé wa, bí ẹ bá ń kà á, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà ń sá fún òjò. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọdún tó kọjá, bí ojú ọ̀run bá ti dúdú lápá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni kí n pe Tóyìn lórí fóònù. Tóyìn ni ọmọ Bàbá Gáàdì, òun ló ń tọ́jú ilé ìtàn rélùwéè tó wà lọ́nà Ìjagun. Mo máa ń bi í pé, "Ṣé páànù yín dúró dáadáa? Ṣé o ti ti fèrèsé?" Yóò ní, "Bàbá, páànù tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn?" Èmi á ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n kó tún un wò.

Ẹ mọ̀ mí. Mi ò kàwé ju kíláàsì mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n láti Ìbẹ̀fun títí dé Ìjagun, ẹ béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń lọ bí wọ́n bá fẹ́ búlọ́ọ̀kù tí kì í fọ́. Àwọn tó kàwé títí tí orí wọn fi pá, inú ilé tí búlọ́ọ̀kù mi gbé dúró ni wọ́n ń sùn. Nítorí náà, kì í ṣe pé mo jẹ́ ojo. Ohun kan ló wà láyé yìí tó ń já mi láyà, ó sì wà nínú àpò ìwé kan nínú ilé ìtàn yẹn. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí yín lára, tí ẹ ń tẹ fóònù títí ẹ fi dé, ẹ ò tíì wọ rélùwéè. Tiwa, a ó sùn nínú rẹ̀, a ó jí, a ó tún sùn, a ò ní tíì débi kankan. Wọn kò la ojú irin wọ Ìjẹ̀bú-Òde títí di òní, ṣùgbọ́n obì Ìjẹ̀bú gun rélùwéè ju ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn lọ. Ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Olóbì, ló ń kó obì gbànja lọ sí Kánò. Lọ́ọ̀rì onípákó á gbé wa láti ibí dé Láfẹ́ńwá l'Abẹ́òkúta, ibẹ̀ la ó ti wọkọ̀ ojú irin.

Kí ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Obì dà bí ọmọ tuntun: kò fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ atẹ́gùn, kò sì fẹ́ kí ara òun gbẹ. Bó bá gbẹ, ó di igi, kò sí Hausa tó máa yà á wò. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí ìyá mi ń tọ́jú rẹ̀ sí. Yàrá yẹn kò ní fèrèsé. Ilẹ̀ rẹ̀ kò rí sìmẹ́ńtì rí, amọ̀ ni, a sì ń wọ́n omi sí i láràárọ̀. Ewé gbòdògì là ń tẹ́ sábẹ́ obì, òun náà là ń fi bò ó lórí. Bí o bá wọ ibẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, àfi bí ẹni pé o wọ inú ìkòkò àmù. Obì ọdún yìí lè wà níbẹ̀ kí ti àmọ́dún wá bá a. Láti kékeré ni mo ti ń fi yàrá yẹn yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi.

Bí ìrìn-àjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ilé á jókòó yí obì ká, wọn á máa ṣà á. Ìka wọn ló ń ríran. Wọ́n lè máa bú ara wọn, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí ọ̀kan máa sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń hanrun, ìka ò ní ṣìnà. Èyí tí kòkòrò bá ti fọwọ́ kàn, wọ́n á yọ ọ́ sọ́tọ̀ kó má baà kó bá èkejì. Èyí tó dára ni wọ́n ń tò sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé, wọ́n á fi àpò bò ó, wọ́n á fi okùn rán an pinpin. Òfin ìyá mi kò sì yí padà: agbọ̀n tí a bá rán ní Ìjẹ̀bú, a kì í tú u lójú ọ̀nà. Bí afẹ́fẹ́ ọ̀nà bá fi lè wọ inú rẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ẹ wá wo ìpayà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo ohun tí ilé ní wà nínú ohun tí o kò lè ṣí wò. Bí ẹyọ kan bá rà nínú rẹ̀, ooru rẹ̀ á mú ìyókù. Ìyá mi kì í sùn nínú rélùwéè. Ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n ló ń jókòó sí. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, ní Òṣogbo o, ní Ọ̀ffà o, ní Ìlọrin o, á ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ àpò, á gbé e lé ara agbọ̀n, á sì di ojú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ẹ mọ̀ sí Àlàájà Rìsí lónìí, á máa wo ẹnu rẹ̀. Bí ara agbọ̀n bá gbóná, a gbé. Bí kò bá gbóná, á la ojú, á ní, "Ó tutù." Ìgbà yẹn ló tó máa tú ẹ̀kọ jáde fún wa.

Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kó ṣí ọ̀kan wò lásán, kí ọkàn wa lè balẹ̀.

Ó ní, "Ọkàn ta ni kó balẹ̀? Ṣé tìrẹ ni, àbí ti obì?"

Ohùn rélùwéè yẹn ò tíì kúrò létí mi. Fàkàfíkì, fàkàfíkì, bó ṣe ń lọ nìyẹn láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dé orí afárá Jẹ́bà, ohùn rẹ̀ á yí padà, á wá dún bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán nínú kòtò. Gbogbo ọkọ̀ á dákẹ́. Àwọn Mùsùlùmí á máa ṣe àdúrà sínú, ìyá ọlọ́mọ á fi ìborùn bo ojú ọmọ kó má baà rí odò. Bí a bá ti kọjá, ariwo á bẹ́ sílẹ̀, bí ẹni pé àwa la gbé afárá náà rù. Bí Iléyá bá sì ti kù díẹ̀, àgbò là ń kó bọ̀ láti òkè ọ̀hún, ènìyàn àti àgbò á jọ máa fi ara gún ara. Ìgbà ò lọ bí òréré. Lónìí, ẹ ń fi fóònù ra àgbò, wọ́n sì ń gbé e wá fún yín lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni gbé omi inú ọ̀rá.

Ìgbà tí mo lọ já búlọ́ọ̀kù ọgbà fún wọn ni mo kọ́kọ́ mọ ilé ìtàn rélùwéè. Bàbá Gáàdì ti fi ayé rẹ̀ ṣe gáàdì lórí ọkọ̀ ojú irin, òun ló ń ju àsíá tí awakọ̀ fi ń mọ̀ pé kí òun gbéra. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ohun tí rélùwéè ń jù nù ló kó wálé: fìtílà, fèrè, fìlà àwọn ọ̀gá tésàn, tíkẹ́ẹ̀tì páálí líle, ìwé tó ń sọ àkókò ọkọ̀, àti fọ́tò lóríṣiríṣi. Àwọn aládùúgbò ní pàǹtí ló kó wálé. Àwọn ọmọ yunifásítì ló kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe pàǹtí, wọ́n ń ti òkèèrè wá bi í ní ìbéèrè. Ohun a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gi ń náání èèpo igi.

Aago tésàn kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọwọ́ ń yún mi, mo lù ú. Bàbá kan yọ sí mi, ó dé fìlà gáàdì.

"Ta ló ní kí ọkọ̀ gbéra?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ kú ilé o. Búlọ́ọ̀kù yín ti dé."

"Búlọ́ọ̀kù kì í lu aago. Wọlé, kí o wá wo ohun tí o fi ń ṣeré."

Ó fi àsíá aláwọ̀ ewé kan hàn mí tí etí rẹ̀ ti jẹ. Ó ní àgbò kan ló jẹ ẹ́ ní Kàdúná lásìkò Iléyá, níbi tí òun ti fẹ́ jù ú. Mo ní àgbò wa ni.

"Àgbò yín? Àgbò tó wọ ọkọ̀ mi pọ̀ ju ènìyàn lọ. Báwo ni o ṣe mọ̀ pé tiyín ni?"

"Bàbá, kò sí àgbò míì tó láyà tó bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Títí di òní, Àlàájà Rìsí ń sọ fún gbogbo ayé pé irọ́ ni mo pa, pé ẹsẹ̀ ìjókòó la so àgbò tiwa mọ́ láti Kánò dé Láfẹ́ńwá. Kò burú. Ta ni olórí ìdílé?

Ọjọ́ yẹn náà ni Tóyìn ṣí àpótí fọ́tò fún mi. Ó ń yẹ̀ ẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń sọ, àfi bí ọ̀kan ṣe pa mí lẹ́nu mọ́. Tésàn Sáríà ni. Àwọn alágbàrù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, obìnrin kan jókòó ti agbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lábẹ́ àpò. Ó di ojú.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tóyìn ní, "Bàbá, ṣé kò sí? Ṣé ẹ mọ ìyá yẹn ni? A rò pé ó ń tòògbé ni."

Mo ní, "Kò tòògbé. Ó ń gbọ́ bí obì ṣe ń ṣe."

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ìyá mi kò dúró fún onífọ́tò rí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ rí òun, kó wá sílé. Nígbà tó kú, a ò rí nǹkan kan gbé kọ́ ara ògiri, ojú rẹ̀ sì ti ń sá mọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó yà á ní Sáríà, yíyà ló yà á tí ìyá mi kò mọ̀. Mo ní kí Tóyìn gbé e fún mi. Ó ní ti ilé ìtàn ni, àwọn kì í gbé nǹkan jáde, ṣùgbọ́n òun á fi fóònù yà á fún mi lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá. Ìyá mi kọ́ ni wọ́n máa kó sínú fóònù tó ń já bọ́ sínú sìmẹ́ńtì. Mo fẹ́ ẹ̀dà ńlá onígíláàsì tí wọ́n ń ṣe ní Ìbàdàn, kí ẹni tó bá wọ pálọ̀ mi mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní nígbà tí òun bá tún lọ sí Ìbàdàn, òun á ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ènìyàn ilé yẹn. Mo mọ ọgbà wọn yí ká, mi ò jẹ́ kí wọ́n dárúkọ owó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán, ibẹ̀ ni mò ń gbà. Mo mú Àlàájà Rìsí lọ wò ó, ó sunkún títí, lẹ́yìn náà la wá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí aṣọ tí ìyá wa ró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá, Tóyìn gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Wọn kò tíì dé tí ìjì fi jà, tó ká páànù ilé ìtàn bí ẹni ká ẹní. Tóyìn pè mí.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni mo lè ké sí. Àwọn àpótí wa."

"Má fòyà. Mo ní yàrá kan tí kò sí irú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú."

"Ṣé kì í jò?"

"Ẹ̀kán omi kan kò já bọ́ níbẹ̀ láti ayé ìyá mi."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ. Mo gbé ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù mi lọ, mo fi tapólì bo àpótí, kó tó di pé òjò kejì rọ̀, mo ti kó gbogbo rẹ̀ wọ yàrá obì. Àlàájà Rìsí ṣì ń tọ́jú obì díẹ̀ síbẹ̀. Òun ló ní ká má gbé nǹkan bàǹtà-banta bẹ́ẹ̀ lé ilẹ̀ lásán. A tẹ́ gbòdògì tútù sábẹ́ àpótí, a sì fi òmíràn bò wọ́n lórí, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Nígbà tí a ṣe tán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá ti padà sí yàrá rẹ̀." Omi lé sí mi lójú. Gbogbo àkókò tí mo fi ń kan páànù tuntun sí ilé ìtàn, mo ń sùn dáadáa. Bí mo bá yọjú sí yàrá náà, òórùn ewé tútù tí mo mọ̀ láti kékeré ni mò ń gbọ́, inú mi á dùn.

Tóyìn dé nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ilé wa ló kọ́kọ́ gbà wá dúpẹ́, ó kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde, pé kí ló tó nǹkan.

Mo ní, "Ṣé o mọ irú yàrá tí mo kó ẹrù yín sí? Ṣé o mọ̀ pé obì kì í gbẹ níbẹ̀?"

Ó wò mí. "Ẹ ní kí ni, bàbá?"

"Obì. Láti ọdún dé ọdún. Kì í gbẹ."

Ó dìde, ó ń lọ sẹ́yìn ilé láìbéèrè ọ̀nà. Ibi tí mo ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ, mo sì sáré tẹ̀ lé e.

Ewé la kọ́kọ́ ká kúrò. Àpótí ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ohun funfun kan bí òwú ti hù sára àwọn ìwé àkókò ọkọ̀. Wọ́n ti bu. Àlàájà Rìsí káwọ́ lérí.

Ó ní, "Òrìṣà, bí o ò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi."

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ Mẹ́kà lẹ ń pe òrìṣà yẹn?"

"Ìwọ ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, oníyàrá."

Tóyìn kò bú wa. Ì bá sàn kó bú wa. Ó ní ká má gbé nǹkan kan sí oòrùn, abẹ́ ìbòòji tí atẹ́gùn ń gbà ni, ká sì ya èyí tó ti bu kúrò lára èyí tí kò tíì bu, kí wọ́n má kan ara wọn. Àlàájà Rìsí bá nu ojú rẹ̀ nù. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tuntun." Ó ké sí àwọn obìnrin ilé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ìwé rélùwéè ká bí wọ́n ṣe ń jókòó yí obì ká láyé àtijọ́, Tóyìn ń fi hàn wọ́n bí wọn ó ṣe máa gbé e, wọ́n ń ṣà á. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó sọ ìtàn ọkọ tó ń hanrun. Ọ̀pọ̀ là. Àwọn kan kò là, mi ò ní purọ́ fún yín.

Wọ́n mú Bàbá Gáàdì wá, wọ́n ṣì fi nǹkan bo ojú rẹ̀ kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àsíá òun wá. Ó fọwọ́ wá etí rẹ̀ tó jẹ, ó fọwọ́ wá ìyókù.

Ó ní, "Dìde, olóbì. Àgbò yín ò jẹ ẹ́ tán, yàrá yín náà ò jẹ ẹ́ tán."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tó gbà pé àgbò wa ni nìyẹn. Kò dùn mọ́ mi bí mo ṣe rò.

Nítorí pé fọ́tò ìyá mi wà lọ́wọ́ Tóyìn. Ó ti lẹ̀ mọ́ fọ́tò mìíràn, ojú kojú. Ẹ̀yìn funfun méjì nìkan là ń rí. Mo bi í bóyá ó ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ní ọ̀rọ̀ ojú bàbá òun kò jẹ́ kí òun rántí. Mo sì rántí ẹni tó ní kí wọ́n má fi fóònù ya ìyá òun.

Àlàájà Rìsí ní, "Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi omi pa á lára."

Tóyìn ní, "Màmá, bí a bá fà á, ojú ìyá lè bá ìkejì lọ. Ẹnì kan wà tó mọ iṣẹ́ yìí, mo ti ránṣẹ́ sí i. Ó lè pẹ́. Ó sì lè wá, kó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe." Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ ni ìyá yín, bàbá. Bí ẹ bá ní ká dán an wò báyìí, a ó dán an wò."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ̀ pé mi ò lè dúró de ohunkóhun. Búlọ́ọ̀kù tí kò tíì gbẹ, mo ń fọwọ́ kàn án. Ìka mi ń yún mi débi pé mo ki ọwọ́ bọ àpò agbádá. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ya.

Mo ní, "Agbọ̀n tí a bá rán ní Ìjẹ̀bú."

Àlàájà Rìsí bojú wo ilẹ̀. Òun ló parí rẹ̀. Ó ní, "A kì í tú u lójú ọ̀nà."

Ẹni tí Tóyìn ránṣẹ́ sí kò tíì wá. Títí yóò fi dé, ó ní kí n kọ ohun tó wà nínú fọ́tò náà, kí àwọn fi sínú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, bóyá á là, bóyá kò ní là. Ohun tí mo kọ yìí ni. Tésàn Sáríà, àwọn alágbàrù, obìnrin kan tó jókòó ti agbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ àpò. Àdìrẹ ló ró. Àlàájà Rìsí ní kí n kọ ọ́ pé ìró funfun ni. Mo ti kọ ọ́. Kò tòògbé.

Jímọ̀ tó kọjá, a jọ lọ. Tóyìn gbé àpò náà sórí tábìlì, ó sún sẹ́yìn. Òjò ń lu páànù mi, páànù mi kò jò. Mi ò tú u. Mo ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, mo di ojú. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Ó tutù."